Báàkẹ́ẹ̀tì oníke, ọwọ́ onírin: bí toluene ṣe gbaná láìsí ẹni tó ṣáná

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, iná ràn lẹ́nu báàkẹ́ẹ̀tì kan nínú yàrá tí a ti ń po gọ́ọ̀mù. Kò sẹ́ni tó mu sìgá. Kò sẹ́ni tó mú fóònù wọlé, inú àpótí ẹnu ọ̀nà ni gbogbo fóònù wà. Gílóòbù yàrá náà, irú èyí tí wọ́n bò kí ẹ̀ta iná má baà jáde lára rẹ̀ ni. Síbẹ̀ iná ràn, ó sì jó ọmọkùnrin kan lọ́wọ́. Èmi ni mo ń bójú tó ààbò nílé iṣẹ́ náà nígbà yẹn, èmi náà ni wọ́n ní kí n kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi, mo sì kọ ìwọ̀nba tó gbà. Mo tún un kọ ní kíkún síbí nítorí àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn bu toluene (omi kẹ́míkà tó ń yọ́ rọ́bà àti ọ̀dà), tínà àti irú omi bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, tí wọ́n sì gbà pé bí wọn ò bá ti ṣáná, iná ò lè dé.

Gọ́ọ̀mù tí a ń ṣe ni irú èyí tí àwọn oníbàtà àti àwọn tó ń ṣe àga ìrọ̀gbọ̀kú ń fi ọ̀bẹ tẹ́ sí ojú méjèèjì, tí wọ́n á jẹ́ kó gbẹ díẹ̀ kí wọ́n tó pa á pọ̀. Rọ́bà tí a gé wẹ́wẹ́ là ń dà sínú ẹ̀rọ, toluene ló sì ń yọ́ ọ títí yóò fi máa fà. Ìdí tí àwọn oníṣẹ́ gọ́ọ̀mù fi fẹ́ràn rẹ̀ kò pọ̀: ó tètè wọ rọ́bà lára, bó bá sì ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán, ó tètè ń lọ. 110.6 °C ló ń hó, ṣùgbọ́n kì í dúró de híhó kó tó máa fò lọ. Òrùka káábọ̀nù mẹ́fà ni, tí káábọ̀nù keje so mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú háídírójìn mẹ́jọ lápapọ̀. Ẹ fi iye káábọ̀nù yẹn sọ́kàn, èéfín rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Ohun kan máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nípa orúkọ rẹ̀. Oje igi ló ti wá. Ní 1837 ni Pelletier àti Walter kọ́kọ́ rí i nínú ohun tí wọ́n rí lára oje igi páìnì, nígbà tó sì di 1841, Henri Sainte-Claire Deville, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ ilẹ̀ Faransé, rí i nínú oje olóòórùn dídùn tí wọ́n ń pè ní Tolu, orúkọ ìlú kan ní Kòlóḿbíà. Oje tó ń lẹ̀ ló bí i, òun náà la wá fi ń ṣe ohun tó ń lẹ̀. Lónìí, inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń rí èyí tó pọ̀ jù, kì í sì í ṣe gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà nìkan ni wọ́n ń fi í ṣe. Ó wà nínú íńkì ìtẹ̀wé, ó wà nínú bẹntiróòlù, òun ni wọ́n fi ń ṣe ohun abúgbàù TNT, òun náà sì ni ìpìlẹ̀ ọ̀kan nínú èròjà tí wọ́n fi ń ṣe fóòmù mátíràsì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sínú yàrá.

Àgbá irin 200 lítà wa máa ń dùbúlẹ̀ lórí àga irin, pẹ̀lú táàpù onísípíríńgì ní ẹnu rẹ̀: bí o bá tẹ̀ ẹ́, ó ṣí, bí o bá fi í sílẹ̀, ó pa ara rẹ̀ dé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kì í fẹ́ràn táàpù yìí nítorí ó ń dun ìka. Wọ́n ti fi okùn so ó sílẹ̀ ní ṣíṣí nígbà kan rí, kí wọ́n lè máa ṣe nǹkan mìíràn bí garawa bá ń kún. Mo já okùn náà dànù ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ọjọ́ yìí, wọ́n sì kùn sí mi. Garawa irin méjì la ní fún bíbu. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, méjèèjì kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kejì. Ọmọkùnrin tó ń bu toluene, tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, wo àyíká, ó rí báàkẹ́ẹ̀tì oníke funfun tí ìyẹ̀fun magnesium oxide bá wá. Ó ti mọ́, ó gbẹ, lítà 20 ni òun náà. Kí ló kù?

Mo ní láti fi ti èmi náà kún un. Ní ọ̀sán àná rẹ̀, nítorí ìpẹ́pẹ́ ìpáàrà tó ń bá toluene jáde láti inú àgbá, èmi fúnra mi ni mo so àsẹ́ kan mọ́ ẹnu táàpù, ihò rẹ̀ wẹ́ gan-an. Inú mi dùn sí i. Ẹni tó ń po gọ́ọ̀mù, ẹ̀gbọ́n tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú gbogbo wa, kí mi pé ó ṣe dáadáa.

Ọmọkùnrin náà ní báàkẹ́ẹ̀tì ti kún tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin nígbà tí òun gbọ́ ìró kan, “tá”, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi ìfọyín. Kó tó mọ ohun tó jẹ́, iná ti bo ẹnu báàkẹ́ẹ̀tì, ó sì ti dé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó fi táàpù sílẹ̀, ó sá sẹ́yìn. Táàpù pa ara rẹ̀ dé. Bí okùn ọjọ́sí bá ṣì wà níbẹ̀ ni, gbogbo àgbá ni ì bá máa tú sórí iná.

Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, èéfín ti dúdú kirikiri ní òkè yàrá. Èéfín toluene kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ ti ọtí spírítì. Káábọ̀nù rẹ̀ pọ̀ jù fún afẹ́fẹ́ tó ń rí, èyí tí kò bá jó tán á di pẹ́pẹ́ dúdú tó ń já bọ́ bí ìyẹ́. Ó bọ́ sí mi léjìká, mo fọwọ́ nù ún, ó kùn mí bí ọ̀dà. Ẹnì kan ti ń gbé omi bọ̀. Mo pariwo mọ́ ọn kí ó gbé e padà. Toluene fúyẹ́ ju omi lọ, lítà rẹ̀ kan kò tó 0.87 kílò, kì í sì í pò mọ́ omi. Ẹni tó bá da omi sí i, ńṣe ló ń bá a gbé iná rìn kiri ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló gbé apaná oníyẹ̀fun, ó sì mọ̀ ọ́n lò: láti etí ló ti ń gbá iná náà wọlé, kò fọ́n ọn sí àárín kí omi iná má baà ta jáde.

Ṣùgbọ́n báàkẹ́ẹ̀tì ti ń yọ́. Bí àbẹ́là ló ṣe ń lọ sílẹ̀, etí rẹ̀ ń wọlẹ̀ bí omi inú rẹ̀ ti ń wọlẹ̀, nígbà tó sì yá, ẹ̀gbẹ́ kan là, gbogbo èyí tó kù tú jáde. Garawa irin ì bá gbé iná náà dúró sójú kan títí a ó fi pa á. Ìgànná kékeré tó yí ẹsẹ̀ àga àgbá ká, tó ga tó ìka mẹ́rin, ni kò jẹ́ kó ṣàn dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Apaná kejì ló parí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wọ́n gbé ọmọkùnrin náà lọ sílé ìwòsàn lẹ́yìn tí a ti da omi tútù sí ọwọ́ rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bi ló kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀gbọ́n ní, “Ọmọ yìí ti mú fóònù wọlé, ẹ lọ yẹ àpò rẹ̀ wò.” A yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí, inú àpótí la ti bá a. Ọ̀gá àgbà ní kò lè ṣe kó má ṣáná. Ó tún mú ẹ̀rí kan wá tó dà bíi pé kò ṣeé dá lóhùn: ẹ̀rọ tó ń gbọ́ oru, tó wà lára ògiri, kò ké títí iná fi ràn. Ó ní bí oru toluene kò bá sí nínú yàrá, kí ni iná ọ̀hún wá fi ràn bí kò ṣe pé ẹnì kan mú iná dé ibi tó ń bu omi?

Èmi náà kò ní ìdáhùn lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rọ náà kò bà jẹ́. Mo dán an wò lọ́jọ́ kejì, ó ké bó ṣe yẹ kó ké.

Ọjọ́ kẹrin ni mo lọ bá ọmọkùnrin náà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú báńdéèjì. Mo gbé báàkẹ́ẹ̀tì mìíràn tó jẹ́ irú kan náà dání, a sì padà dé ibi iṣẹ́ pa pọ̀. Àgbá ti ṣófo, a ti fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i.

“Níbo lo fi í sí?”

“Mi ò gbé e sílẹ̀, ọ̀gá. Mo fi kọ́ ọrùn táàpù ni. Ibi ike àárín ọwọ́ rẹ̀ yìí ni mo fi kọ́ ọ, kó má baà máa yọ̀.”

“Ṣé o fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó ń kún?”

“Rárá, ọ̀gá. Táàpù nìkan ni mo dì mú.”

Mo ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ojú mi tó là sí ohun tí mo ti ń wò látàárọ̀. Ọwọ́ báàkẹ́ẹ̀tì náà, wáyà irin ni, pẹ̀lú ìbọ̀ ike roboto ní àárín fún dídìmú. Ìbọ̀ yẹn ló jókòó sórí ọrùn táàpù. Lápá ọ̀tún àti lápá òsì, inú etí ike ni wáyà náà wọ̀. Irin odidi, tó gùn tó apá mi, kò fara kan irin kankan, kò fara kan ilẹ̀, kò fara kan ènìyàn. Mo da omi sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó ti ń wúwo ni wáyà náà ń tẹ̀, ti ẹ̀gbẹ́ kan sì ń sún mọ́ ẹnu táàpù. Nígbà tó fi máa tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, àlàfo tó kù kò tó mílímítà mẹ́ta.

Mo mú mítà, ẹ̀rọ tó ń fi hàn bóyá iná lè gba ibì kan kọjá. Láti ọwọ́ báàkẹ́ẹ̀tì sí táàpù, kò ka nǹkan kan, bó ṣe yẹ nìyẹn. Mo wá wọn láti ara àgbá sí wáyà ilẹ̀, èyí tí àwọn oníná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Èyí ló yẹ kó kà, kò kà. Kílíìpù wáyà náà wà ní ipò rẹ̀, ó dì mọ́ etí àgbá gírígírí, ṣùgbọ́n orí ọ̀dà ló dì mọ́. Eyín rẹ̀ kò tíì gé ọ̀dà náà já. Mo fi ọ̀bẹ ha ojú ibẹ̀ títí irin fi dán, mo tún un dì, mítà wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọ̀ọ̀mù kan, ìyẹn ni pé iná ti ń ríbi kọjá dáadáa. Ta ló mọ iye oṣù tí àgbá lẹ́yìn àgbá fi wà bẹ́ẹ̀, tí gbogbo wa ń wo wáyà náà tí ọkàn wa sì balẹ̀.

Bí omi bá ń sáré gba inú páìpù, iná ẹ̀lẹ́kítíríìkì kékeré máa ń ya lára irin, á sì bá omi lọ. Bí omi náà bá gba inú àsẹ́ oníhò wẹ́wẹ́ kọjá, èyí tó ń ya á pọ̀ sí i lọ́nà tó burú, nítorí ibi tí omi ti ń fara ra ti di púpọ̀. Omi ẹ̀rọ kì í jẹ́ ká mọ̀ ọ́n lára, torí ó ń gbé iná náà padà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Toluene ní tirẹ̀ kì í jẹ́ kí iná kọjá. Omi tí ìgbéná rẹ̀ kò bá tó 50 picosiemens fún mítà kan ni àwọn onímọ̀ ń kà sí èyí tó ń kó iná jọ. Toluene tó mọ́ kò tó 1. Ohun tó bá gbé wọ báàkẹ́ẹ̀tì, á wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ garawa irin tó so mọ́ ilẹ̀ ni, ara irin á fà á lọ. Inú ike, kò ríbi lọ. Ó ń pọ̀ sí i bí báàkẹ́ẹ̀tì ti ń kún, wáyà irin tó yí i ká sì ń gba ipá rẹ̀. Àgbá tí kò so mọ́ ilẹ̀ ní òdìkejì iná yẹn lára. Nígbà tí àlàfo náà kéré tó, ó fò. “Tá.”

Wáyà tó tóbi tó ọwọ́ báàkẹ́ẹ̀tì lè kó nǹkan bí 20 picofarad (òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe lè gba iná pamọ́ tó). Bí ipá iná náà bá dé 10,000 fóólìtì (volt), agbára tó wà nínú ẹ̀ta rẹ̀ jẹ́ mílíjúùlù kan. Ìwọ̀nba tí oru toluene nílò láti gbaná, 0.24 mílíjúùlù ni. Mílíjúùlù kan yẹn náà ni ó sún mọ́ ìwọ̀n tí ara èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀, bí ìgbà tí ọwọ́ ilẹ̀kùn bá ta ọ́ pàá. Ìyẹn ni pé ẹ̀ta tí o kò ní mọ̀ lára pé ó ta ọ́ ti tó, ó sì ṣẹ́ kù.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá àgbà nípa ẹ̀rọ ògiri ló ṣì kù, òun sì ni mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń lo toluene mọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Oru kì í gbaná bó bá ṣe wù ú. Bó bá kéré jù nínú afẹ́fẹ́, kò ní ràn. Bó bá pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ ò ní tó o, kò ní ràn. Fún toluene, láti nǹkan bí 1.1 sí 7.1 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹ wá wo bẹntiróòlù inú táǹkì: ó ń fò tó bẹ́ẹ̀ tí òkè táǹkì fi sábà máa ń kún fún oru ju ohun tó lè gbaná lọ. Èyí ni kì í jẹ́ kí inú táǹkì rẹ̀ máa bú gbàù lójoojúmọ́. Toluene kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní 20 °C, oru tó kún àyè tó wà lókè rẹ̀ nínú ohun tí a dé jẹ́ nǹkan bí 2.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 30 °C, ó tó 4.8. Láti nǹkan bí 4 °C títí dé nǹkan bí 37 °C, inú ààlà yẹn gan-an ló wà. Èyí sì ni ooru yàrá tí ènìyàn ń gbé. Ó dà bíi pé ẹnì kan jókòó, ó pò ó fún iná.

Lẹ́nu báàkẹ́ẹ̀tì, nígbà náà, oru ti pé. Lára ògiri, mítà mẹ́rin sí i, kò sí nǹkan kan tó yẹ kí ẹ̀rọ ké sí. Oru toluene wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, ilẹ̀ ló ń fà sí, inú báàkẹ́ẹ̀tì ló sì fẹ́ràn jù. Ẹ̀rọ náà sọ òótọ́ nípa ibi tí wọ́n gbé e kọ́ sí. Ọ̀gá àgbà gbọ́ èyí, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé náà. Gbólóhùn méjì ni àyè rẹ̀ gbà.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ rí i. Ní Des Moines, ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹwàá ọdún 2007, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń rọ ethyl acetate sínú táǹkì irin kékeré. Táǹkì náà so mọ́ ilẹ̀. Ẹnu rọ́bà tí wọ́n fi ń rọ ọ́, àti irin tí wọ́n so mọ́ ọn kó lè wúwo, kò so mọ́ nǹkan kan. Irin tó dá wà lórí rọ́bà níbẹ̀, irin tó dá wà lórí ike lọ́dọ̀ wa.

Àwọn kan ní ká fi omi kẹ́míkà mìíràn rọ́pò toluene. A gbé e yẹ̀ wò. Xylene kì í fò tó toluene, 27 °C ni oru rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tó gbaná, ṣùgbọ́n yàrá wa máa ń kọjá ìyẹn, gọ́ọ̀mù á sì pẹ́ gbẹ. Hexane ń kó iná jọ bíi ti toluene, ó sì ń ba iṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn tó ń fà á símú jẹ́. Benzene, ẹ̀gbọ́n toluene tí kò ní káábọ̀nù keje yẹn, ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ gbọdọ̀ dá a lábàá. A dúró ti toluene. Mo lo àǹfààní yẹn láti dá àwọn tó ń fi í fọ ọwọ́ dúró, nítorí ó ń fa gbogbo ọ̀rá ara awọ lọ, orí tó sì ń fọ́ wọn lọ́sàn-án kì í ṣe ti oòrùn. NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí ààbò àti ìlera lẹ́nu iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fi 100 ppm (ọgọ́rùn-ún nínú mílíọ̀nù kan) nínú afẹ́fẹ́ ṣe ààlà fún iṣẹ́ òòjọ́, ó sì ka 500 sí ibi tí ẹ̀mí ti wà nínú ewu. Imú tètè ń gbọ́ ọ, imú náà sì tètè ń mọ́ ọn lára.

Ohun tí a yí padà kò pọ̀. Ìyẹ̀fun kì í bá báàkẹ́ẹ̀tì oníke wá mọ́, inú àpò bébà ni a ní kí wọ́n máa kó o wá, nítorí ohun tí kò bá sí nínú yàrá, kò sẹ́ni tó máa gbé e sábẹ́ táàpù. Garawa irin di mẹ́fà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní wáyà tirẹ̀ tó so ó mọ́ àgbá, pẹ̀lú kílíìpù elénu ṣóńṣó tó lè gé ọ̀dà. Páìpù irin kékeré ń gbé toluene dé ìsàlẹ̀ garawa kó má baà máa já láti òkè. Àsẹ́ mi, mo tú u. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ tí a fi ń po gọ́ọ̀mù ni a ti ń sẹ́ ìpáàrà báyìí, nínú páìpù irin gígùn tó fún iná láyè láti wọlẹ̀ kí omi tó jáde.

Ọmọkùnrin náà padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, awọ ọwọ́ rẹ̀ ṣì pupa. Mo fi mítà sí ìkáwọ́ rẹ̀: òun ló ń wọn àgbá àti garawa láràárọ̀, tó ń kọ ohun tó kà sára ògiri. Ẹ̀gbọ́n tó ní ká lọ yẹ àpò rẹ̀ wò kì í ṣí táàpù mọ́ láìkọ́kọ́ kígbe láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ pé, “Àbúrò, gbé mítà wá.”